Géèmù tí mo fowó rà tí mi ò lè tà

Tó bá jẹ́ CD géèmù ló wà lọ́wọ́ ẹ ní Òṣogbo níbí, kò sí wàhálà. Géèmù ọ̀hún ti sú ẹ, wàá kàn gbé e lọ bá àwọn ọmọ tó ń tà á lágbègbè Ọláìyá, wọ́n á yí ẹ̀yìn ẹ̀ sí iná, wọ́n á wá ibi tó ti ha, wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, èyí ti gbó o", wọ́n ṣáà fẹ́ já owó ẹ wálẹ̀ ni, ẹ ó nájà títí, ó parí. Ìwé náà ńkọ́? Àwọn ọmọ UNIOSUN ń ta tiwọn fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, orúkọ bíi mẹ́rin á wà lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n á ti fi báírò pa mẹ́ta rẹ́, kò sẹ́ni tó ń mú wọn.

Àmọ́ géèmù tàbí ebook tó o fi káàdì báńkì rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó gidi náà ló gbà o, kò ṣe é tà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ tó fìdí títa àlòkù múlẹ̀ l'Amẹ́ríkà ti pẹ́. Lọ́dún 1908, iléeṣẹ́ Bobbs-Merrill ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á kó dín ní dọ́là kan, ilé ìtajà Macy's bá ń tà á ní sẹ́ǹtì 89 (ọmọ ọjà!), wọ́n wọ́ ara wọn dé Supreme Court, kọ́ọ̀tù ní ẹ ti tà á, ẹ ti gbowó, àṣẹ yín ti tán lórí ẹ̀dà yẹn.

Ìyẹn ni ReDigi, iléeṣẹ́ tó fẹ́ máa ta àlòkù orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbójú lé. Wọ́n ní kéèyàn wá ta orin tó rà lórí iTunes tí ò gbọ́ mọ́, àwọn á rí i pé ó kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Iléeṣẹ́ olórin Capitol Records pè wọ́n lẹ́jọ́, ó borí ní 2013, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn náà tún dá a láre ní 2018. Kọ́ọ̀tù ní orin ò rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ̀dà tuntun ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, ẹni tó ni orin ló sì láṣẹ ẹ̀dà ṣíṣe.

Ní Yúróòpù, kọ́ọ̀tù wọn gbà ní 2012 pé ẹni tó ra sọ́fítíwíà Oracle tí àṣẹ ìlò ẹ̀ ò ní gbèdéke ọjọ́ lè tún un tà, tó bá ṣáà ti yọ tiẹ̀ kúrò. Nígbà tó di December 2019, nínú ẹjọ́ Tom Kabinet, iléeṣẹ́ kan ní Netherlands tó ń ta àlòkù ebook, wọ́n ní ti ebook ò rí bẹ́ẹ̀, torí ebook kì í gbó, àlòkù ẹ̀ ò yàtọ̀ sí tuntun, ó lè pa òǹkọ̀wé lọ́jà. Mo gbọ́, ó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá lè tà á, tí mi ò lè fi ta àbúrò mi lọ́rẹ, kí ló dé tí owó ẹ̀ ń bá ti ìwé gidi du orí? Ẹ já a wálẹ̀ nígbà yẹn. California tiẹ̀ gbìyànjú, láti January 2025 òfin wọn ní kí ọlọ́jà là á yé oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń sanwó fún.

Àwọn ọmọ tiwa níbí ti wá ọgbọ́n míì dá, àkáǹtì lódindi ni wọ́n ń tà, ímeèlì àti password, géèmù inú ẹ̀ ń bá a lọ. Ẹ ṣọ́ra o. Iléeṣẹ́ tó ni géèmù sábà máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àkáǹtì ò ṣe é tà, wọ́n lè tì í pa nígbàkigbà, ẹni tó tà á fún ẹ náà sì lè fi nọ́ńbà fóònù tó fi ṣí i gbà á padà lóru, tó bá dàárọ̀, á ti bulọ́ọ̀kù ẹ lórí WhatsApp.