Òpó Tó Ń Rìn

Ní 1998, mo gbé GPS ọwọ́ àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì láti sọ ibi tí ènìyàn wà, lọ sí ìdí òpó ààlà kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ló rì í mọ́lẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojúlé bàbá rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ lé e lórí, mo ń pe nọ́ńbà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé òpó yìí ń rìn ni?"

Òpó ò rìn. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohun tí sátẹ́láìtì wọn ń sọ rú, kí ẹni tí kì í ṣe tiwọn má baà mọ ibi tó dúró sí gan-an. Àṣìṣe náà lè tó ọgọ́rùn-ún mítà. Níbi tí mọ̀lẹ́bí ti ń torí ẹsẹ̀ bàtà méjì gbé ara wọn lọ sí kóòtù, kí lẹ fẹ́ kí n fi ìyẹn ṣe? Inú bí mi gan-an, ìbínú yẹn ló sì sọ mí di ẹni tó ń ka ìtàn ẹ̀rọ náà kiri.

Ó pẹ́ kí ohun tí wọ́n fi ń dánwò tó di ohun ìjà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń lo Transit, sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ń mọ̀nà, fún ọkọ̀ abẹ́ omi láti 1964, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ní láti dúró de sátẹ́láìtì kó kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n tún rán sátẹ́láìtì mìíràn, Timation, lọ sókè ní 1967 láti dán aago wò. Àwọn ológun òfuurufú ní tiwọn lọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Ní 1973, kọ́nẹ́ẹ̀lì kan, Bradford Parkinson, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ sí Pentagon, olú ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, lásìkò ọlidé tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá páropáro, wọ́n sì ṣa èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ papọ̀, ó di GPS. Ó kọ iṣẹ́ wọn sí pátákó: kí bọ́ǹbù márùn-ún bọ́ sínú ihò kan náà, kí ẹ̀rọ tí wọn yóò fi máa mọ̀nà má sì tó dọ́là 10,000. Apá kejì yẹn ni mo fẹ́ràn. Iye sátẹ́láìtì yòówù tó bá wà lókè, bí ẹni tó wà nílẹ̀ kò bá ní nǹkan lọ́wọ́, òfo ni.

Sátẹ́láìtì mọ́kànlá ni wọ́n fi dánwò láti 1978 sí 1985, ọ̀kan ṣòfò lójú ọ̀nà. Shuttle, ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, ló yẹ kó gbé àwọn tó tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n Challenger, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ Shuttle, gbiná ní 1986, ó sì di 1989 kí àkọ́kọ́ wọn tó gun rọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ.

Bí Iraq ṣe wọ Kuwait ní oṣù kẹjọ 1990 nìyẹn, iṣẹ́ ò sì tíì parí. Nínú mẹ́rìnlélógún tí wọ́n fẹ́, bíi mẹ́rìndínlógún ló wà lókè nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ogun láti lé Iraq jáde, àwọn ògbólógbòó tí wọ́n fi dánwò sì wà lára wọn. Sọ́jà Amẹ́ríkà wà nínú aṣálẹ̀ tí kò ní igi, tí kò ní títì. Ẹ̀rọ tí ìjọba ṣe fún wọn ò pọ̀, ó wúwo tó kílò mẹ́jọ. Ni wọ́n bá sáré ra irú èyí tí aráàlú ń lò, àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé sílé pé kí ẹbí ra ọ̀kan ránṣẹ́. Ẹ̀rọ aráàlú sì nìyẹn, kò lè yọ ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n fi sí i. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀! Wọ́n ní láti pa ìdàrúdàpọ̀ náà títí ogun fi parí, wọ́n tún wá tàn án padà ní oṣù keje 1991.

Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni ti òru àkọ́kọ́ ogun náà, 17 oṣù kìíní 1991. Hẹlikọ́pítà Apache ló máa ba ilé rédà Iraq jẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní GPS. Ìṣirò ọ̀nà tiwọn a máa yà díẹ̀díẹ̀, bí ìwọ̀n tiwa náà ṣe ń yà bí a bá ti jìnnà sí òpó tí a mọ̀. Hẹlikọ́pítà mìíràn, Pave Low, ló ní GPS, òun ló ṣáájú. Nígbà tó dé ojú ibi tí wọ́n ti fẹnu kò sí, ó ju àwọn ọ̀pá kékeré tí kẹ́míkà inú wọn ń tàn sórí iyanrìn. Bí Apache kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba orí wọn kọjá ló ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ olówó gegere, ó sì bọ́ sórí iṣẹ́ wa: wọ́n ri òpó ààlà sínú òkùnkùn. Ó di 1995 kí wọ́n tó kéde pé GPS ti pé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2000, Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ní kí wọ́n pa ìdàrúdàpọ̀ náà pátápátá. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́sẹ̀ yẹn. A gbé ẹ̀rọ kan náà lé òpó kan náà, mo ń pe nọ́ńbà, ó ń kọ. Nígbà tó pé wákàtí kan, ó pa ìwé dé. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti jókòó o."