Láísẹ́ńsì òrùlé ní Florida, àti owó ilé mẹ́rin tí mi ò rí gbà

Obìnrin tó ń yẹ ìwé wò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò náà ò kanra rárá. Ìdánwò ṣíwèé-wò ni, wọ́n gbà kéèyàn gbé ìwé wọlé. Ó kàn ń ṣí ìwé mi lójú ewé lójú ewé, ó ń tú àwọn bébà pélébé aláwọ̀ ìyeyè tí ìyàwó mi lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń kó wọn jọ sórí tábìlì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní èyí tó bá ṣeé tú ò gbọdọ̀ wọlé, èyí tó lẹ̀ pinpin mọ́ ìwé nìkan ni òfin gbà. Ó bá ọ̀kan pàdé tí wọ́n kọ "gbèsè" sí, ó bi mí pé èdè wo nìyẹn. Mo ní Yorùbá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tú òun náà.

Ìyá Tòmíwá ló kọ gbogbo ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òru ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti dé láàárọ̀, kó tó lọ sùn, á jókòó ti tábìlì oúnjẹ, á ní, "Bàbá Tòmíwá, níbo la dé lánàá?", á kọ ọ̀rọ̀ kan sórí bébà, á lẹ̀ ẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo ẹ̀ fi di òkìtì. Mo wọlé, ìwé mi dán bí orí apárí.

Mo feèlì. 67 ni mo gbà, 70 ni wọ́n ń wá.

Àwọn ará wa ní Houston ló jẹ́ kí n kọ èyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé mo ti gba láísẹ́ńsì kọngílá òrùlé ní Florida ni fóònù mi ò ti sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé rírà ni, àbí èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó ṣèdánwò?" Àbúrò, jíjókòó ni. Wàá jókòó títí ìdí á fi máa dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi jókòó.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nítòsí Bódìjà, lápá ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Fún ọdún mẹ́ta, igi ni mò ń rù, ìṣó tó wọ́ ni mò ń yọ, tí mò ń nà lórí òkúta ká lè rí i lò padà. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n gun òrùlé. 2004 ni mo ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: obì, orógbó, kéréètì mínírà, ọ̀gá gbé òòlù lé mi lọ́wọ́, ó gbàdúrà títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo mọṣẹ́. Wọ́n á ní kí n kan páànù, mà á kàn án, òjò á rọ̀, ilé ò ní jò. Ó tán.

Lọ́tìrì físà ló gbé mi dé Houston lọ́dún 2013. Kí ọdún yẹn tó parí ni wọ́n ti yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò nínú àwọn tó lè ta á, ẹ̀yìn mi gan-an ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ òrùlé ní Texas ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn: ìjọba ìpínlẹ̀ ò béèrè láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹni tó ń kan òrùlé. Bó o bá ti ní àkàbà àti ọkọ̀ akẹ́rù, o ti di kọngílá. Ohun tí mo ní láti kọ́ ni shingle, pèlébé tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe, tí wọ́n bu òkúta wẹ́wẹ́ lé lórí, torí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, kì í ṣe páànù. Oṣù méjì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó ti mọ òòlù kì í pẹ́ kọ́ òmíràn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2022, ìjì Ian wọ Florida nítòsí Fort Myers. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta fi wà níbẹ̀. Àdúgbò dé àdúgbò, tapólì búlúù ló bo orí ilé, bí ìgbà tí èèyàn sá aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọkùnrin kan tó ní láísẹ́ńsì gbà wá. Òun ló ń bá onílé sọ̀rọ̀, àwa là ń gun òrùlé. Ilé 11 la kàn. Ó san owó ilé 7. Nígbà tó kan àwọn tó kù, ó ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ò tíì sanwó. Lẹ́yìn náà ó ní ìyàwó òun ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Owó ilé mẹ́rin, dọ́là 12,000 dín díẹ̀. Àpò ara mi ni mo ti san ti àwọn ọmọ iṣẹ́, torí èmi ni wọ́n mọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn wà nínú ìwé ìdánwò yẹn. Apá méjì ni ìdánwò: ọ̀kan lórí iṣẹ́ òrùlé fúnra ẹ̀, ọ̀kan lórí owó àti òfin òwò. Ti owó ni mo ń gàn. Mo ní kí ló kan oníṣẹ́ òòlù pẹ̀lú ìṣírò àkáǹtì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Ìyá Tòmíwá kan ibì kan: ní Florida, bó o bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ kọngílá, tí kì í ṣe pé ìwọ àti onílé lẹ jọ ṣàdéhùn, o ní láti fi ìwé ránṣẹ́ sí onílé láàárín ọjọ́ 45 tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó lè mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá san ẹ́, láàárín ọjọ́ 90 tó o ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, o lè lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba pé ilé náà jẹ ẹ́ lówó, kí o gbẹ́sẹ̀ lé e. Ilé náà o, kì í ṣe kọngílá tó sá lọ!

Mo figbe ta. "Ọjọ́ 45! Ẹnì kankan ò sọ fún mi!" Ìyá Tòmíwá ti ń kọ ọ́ sórí bébà. Ó ní kí n fara balẹ̀, ká ka ìyókù. A ṣíwèé síwájú. Ẹni tó yẹ kó ní láísẹ́ńsì tí kò ní, kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Àdéhùn tó bá ṣe, kóòtù ò ní bá a fi gba owó. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí gómìnà kéde ìpò pàjáwìrì, bí ìgbà ìjì Ian, ẹni tó bá gbaṣẹ́ láìní láísẹ́ńsì ti dá ọ̀ràn tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n.

Mo dákẹ́. Èmi tí mo mú ọmọ iṣẹ́ tèmi wá láti Texas, tí mo dá iye tí mà á gbà fúnra mi, tí mo ń pe ara mi ní lébìrà. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń sọ pé bí mo bá rí ọkùnrin yẹn, mà á gbé e lọ sí kóòtù. Adájọ́ ì bá kọ́kọ́ bi èmi ní ìbéèrè. Olè ṣì ni o, mi ò yí ìyẹn padà. Òun náà sì ní láísẹ́ńsì, torí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé láísẹ́ńsì ń sọ olè di pásítọ̀.

Ìdánwò nìkan kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ ìrírí ọdún mẹ́rin, kí o sì ti ṣe fóòmáànù fún ó kéré tán ọdún kan nínú ẹ̀. Mo ti kó wá sí Tampa ní 2023, mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tí ìwé ẹ̀ pé, ó kó ọmọkùnrin mẹ́jọ sábẹ́ mi, òun ló fọwọ́ sí ìwé fún mi. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka ẹ, wọ́n á wádìí bóyá o ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ìyẹn ò le.

Èyí tó le ni pé wọ́n fẹ́ mọ bó o ṣe ń san gbèsè. Wọ́n ń wo máàkì kírédíìtì ẹ, 660 ni wọ́n ń wá. Tèmi jẹ́ 641. Ẹ̀ṣẹ̀ mi? Mo ṣe onídùúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń ra mọ́tò, ó sì pa sísan tì fún oṣù mẹ́rin láìsọ fún mi. Bí wọ́n bá ní ká ṣe onídùúró nílé, ta ló ń kọ̀? Ọ̀nà àbáyọ wà fún ẹni tí tiẹ̀ ò tó: wàá fi owó ìdúró lélẹ̀, bó o bá sì ṣe kíláàsì wákàtí 14 lórí ìtọ́jú owó, wọ́n á gé owó ìdúró náà sí ìdajì. Èmi yàn láti san gbèsè káàdì mi tán. Ó gbà mí ní oṣù méje. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ti ń pè mí ní Ọ̀gá Kọngílá nínú gúrúùpù ẹbí.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ ṣe ti owó, bébà tó lẹ̀ pinpin ni mo rà, èyí tó jẹ́ pé ìwé á ya kó tó kúrò. Obìnrin ọjọ́sí náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi èékánná tú ọ̀kan wò, ó yọ̀ǹda mi. Ìbéèrè 120, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Àwọn èèyàn máa ń ní, "Ṣebí ìdánwò ṣíwèé-wò ni?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ìwé náà sì ga tó búlọ́ọ̀kù. Bí o bá ń wá ojú ewé, àkókò ti lọ. Mo gba 78.

Ti òrùlé fúnra ẹ̀, ìbéèrè 80, wákàtí márùn-ún, mo yege lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀ ibì kan wà nínú ìwé ìgbáradì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ṣòkòtò mi. Wọ́n ní ilé kan wà tí ìdí ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 50, òrùlé ẹ̀ ń ga ní íńṣì 6 nínú íńṣì 12, ìdì shingle mélòó ló máa gbà? Ìdì mẹ́ta ló ń bo ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10. Mo sáré: 40 lọ́nà 50 jẹ́ 2,000, ìyẹn ogún irú ẹ̀, ìdì 60. Mo wo ìdáhùn, 60 wà níbẹ̀, ó ń wò mí tayọ̀tayọ̀. Irọ́ ni. 2,000 yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Òrùlé dà gẹ̀rẹ̀, ó gùn ju ilẹ̀ lọ. Wàá fi 1.118, iye tó bá gẹ̀rẹ̀ íńṣì 6 nínú 12 mu, sọ ọ́ di púpọ̀, á di 2,236, ìdì á di 68, láì tíì ka èyí tó máa bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ò kọ́ mi ní 1.118, torí kò lò ó rí: orí igi gan-an ló ń gùn lọ na téèpù, gẹ̀rẹ̀ ti wà nínú ìwọ̀n ẹ̀. Ìwé ló ń tan èèyàn, òrùlé kì í tan èèyàn.

Òfin ìkọ́lé wọn níbí le, pàápàá ní Miami-Dade àti Broward. Ìjì Andrew ti 1992 ló là wọ́n lójú, láti 2002 sì ni òfin kan ṣoṣo ti ń darí gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ní ti okùn tí kì í jẹ́ kéèyàn já bọ́ látorí òrùlé, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ohun tó máa gba èèyàn dúró wà láti ẹsẹ̀ bàtà 6 sókè. Nílé, bàtà gan-an là ń bọ́ sílẹ̀ ká tó gun páànù. Mo béèrè okùn lọ́wọ́ ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ewúrẹ́ ni wọ́n ń dè." Lónìí, ọmọ iṣẹ́ tí kò bá de ara ẹ̀ mọ́ òrùlé mi, ilé ló ń lọ.

Láísẹ́ńsì dé ní 2025. Kò dé bí lẹ́tà, mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí orúkọ mi àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CCC, lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá kọngílá òrùlé mọ̀. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wà lára ọkọ̀, lára káàdì, lára gbogbo àdéhùn. Ìnṣọ́ránsì àwọn òṣìṣẹ́ ló wá ń jẹ owó báyìí. Ti oníṣẹ́ òrùlé wọ́n gan-an, wọ́n mọ̀ pé a máa ń já bọ́.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórúkọ ara mi bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé oníbàárà, mo pe ọ̀gá mi lórí WhatsApp.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Wọ́n ti fún mi ní láísẹ́ńsì."

"Ta ló fún ẹ?"

"Ìjọba Florida ni, sà."

"Wọ́n gbé òòlù lé ẹ lọ́wọ́?"

"Rárá, sà. Nọ́ńbà ni wọ́n fún mi."

"Obì ńkọ́?"

"Kò sóbì, sà."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń pe ìyàwó ẹ̀ pé kó gbé obì wá kíákíá. Mùsùlùmí ni ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ó máa ń kí Ògún kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ó ní irin la fi ń jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ṣe é fún èmi, fún òrùlé, fún àkàbà, fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn ará Mẹ́síkò tí kò mọ̀ rí. Ọkọ̀ tó kó shingle wá ti dé nígbà yẹn, ó na apá irin ẹ̀ sókè, ó ń gbé ìdì lé orí ilé. 81 ni mo sanwó fún. Mò ń ṣe àmín, mò ń kà. Ó dúró sí 80, dẹ́rẹ́bà ti ń ká apá irin ẹ̀ wálẹ̀. Mo na ìka kan sí i láti ojú fèrèsé, mo ń mi orí, mo sì ń wí pé àmín, sà, àmín.