Bí mo ṣe sọ ojú kọ́sítọ́mà di àtẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kóòdù fọ́tò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù fáwọn ẹlòmíì lò, ẹ jẹ́ n sọ tèmi fún yín. Mo ní library kékeré kan (àkójọ kóòdù táwọn ẹlòmíì lè lò nínú iṣẹ́ tiwọn) lórí GitHub, ìkànnì tá a ti ń pín kóòdù, ọ̀fẹ́ ni, èdè Python ni mo fi kọ ọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gé fọ́tò tàbí kó dín in kù. Mo rò pé ó ti dáa ni o, àfi lọ́jọ́ tí àbúrò kan tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù n'Íbàdàn kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tójú àwọn kọ́sítọ́mà mi ń fẹ̀ bí àtẹ?"

Ohun tó tẹ̀ láti fi pe resize, èyí tó ń yí ìwọ̀n fọ́tò padà, rèé: resize(img, 413, 531, True). Fọ́tò 35 mm sí 45 mm ló fẹ́, tó bá ti jẹ́ 300 dpi (àmì 300 nínú ínǹṣì kan), 413 ni ìbú, 531 ni gíga. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ni mo ní kí gíga ṣáájú, torí inú NumPy, library ìṣirò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, gíga ló sì ń ṣáájú nínú shape, ìyẹn ìwọ̀n fọ́tò, níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ size ti Pillow ń fi ìbú ṣáájú, cv2.resize ti OpenCV náà ń fi ìbú ṣáájú (library fọ́tò làwọn méjèèjì), onífọ́tò gan-an ìbú ló máa ń kọ́kọ́ pè. Mo kọ ọ́ sínú README o, ìyẹn fáìlì àlàyé, ó wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ta ló ń ka README?

True yẹn wá ńkọ́? True kí ni? Èmi tí mo kọ ọ́, mo ní láti ṣí fáìlì kí n tó rántí pé ó ní kó fa fọ́tò títí tó fi máa bá ìwọ̀n mu ni.

Ohun tí mo fi tún un ṣe rèé: ní Python, tẹ́ ẹ bá fi * sáàárín àwọn ohun tí function (kóòdù tá à ń fi orúkọ pè) ń gbà, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e, dandan ni kí wọ́n dárúkọ ẹ̀. Ó wá di resize(img, width=413, height=531, fit="stretch"). Ẹni tó bá kàn da nọ́ńbà sílẹ̀, TypeError, àṣìṣe tí Python ń gbé jáde, máa kí i káàbọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kàn ṣe é lójijì bíi tèmi, mo yọ ti àtijọ́ kúrò lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́, kóòdù àwọn èèyàn ò ṣiṣẹ́ mọ́, mo jẹ èébú yó. Pillow tó fẹ́ yọ ANTIALIAS, orúkọ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dín fọ́tò kù, 2022 ni wọ́n ti ń kìlọ̀, version 10 ní 2023 ni wọ́n tó yọ ọ́, ó sì tún bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì.

Function read mi, tó ń ṣí fáìlì fọ́tò, náà ò dáa. cv2.imread ni mo wò ṣe é: tí kò bá rí fáìlì, None, ìyẹn òfo, ló ń dá padà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ẹni tó ṣi orúkọ fáìlì kọ ní ìlà 3, ìlà 40 ni error ti máa yọ sí i, á wá máa wá ohun tí ò sọnù síbẹ̀ kiri. Tèmi ń pariwo báyìí, ó ń dárúkọ fáìlì tí ò rí.

Kí n tó kọ function kankan báyìí, ìlà tí wọ́n máa fi pè é ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, mà á fi ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́ mi kan lórí WhatsApp, mà á ní "kí lo rò pé eléyìí máa ṣe?" Tó bá ti ń sọ "àbí ó máa...", orúkọ ò tíì dáa nìyẹn.

Àbúrò onífọ́tò ti gba version tuntun, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lánàá. Ojú ti dọ́gba, kò fẹ̀ mọ́. Àmọ́ ó wá dà bí ẹni tí wọ́n tì bọ ìkòkò aró, torí cv2 ló fi ka fọ́tò, nínú àwọ̀ mẹ́ta tó para pọ̀ di fọ́tò, búlúù ni cv2 fi ń ṣáájú, pupa ni library mi ń retí pé kó ṣáájú, mi ò sì fibì kankan bi í léèrè. Mo ti ń tẹ order="bgr" (blue, green, red) báyìí, mi ò tíì mọ̀ bóyá orúkọ yẹn gan-an dáa.