Ìgbà Mẹ́rin Tí Mósè Dárúkọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Bàbá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di bàbá, ohun tí ẹ máa ń bi mí jù ni bí èèyàn ṣe ń tọ́ ọmọ tí yóò mọ Ọlọ́run. Ẹ máa ń béèrè irú ìwé àdúrà tó yẹ kí ẹ rà, iye ìgbà tó yẹ kí ẹbí pé jọ fún ìsìn láàárín ọ̀sẹ̀, àti ọjọ́ orí tó yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Àmọ́ ibi tí èmi ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn ni Deutarónómì orí 6, ẹsẹ 6 àti 7. Mósè ní kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́kọ́ wà lọ́kàn bàbá fúnra rẹ̀, kó tó ní kí ó fi kọ́ ọmọ. Ó wá dárúkọ ìgbà mẹ́rin tí yóò máa sọ ọ́: nígbà tó bá jókòó nínú ilé, nígbà tó bá ń rìn lọ́nà, nígbà tó bá dùbúlẹ̀, àti nígbà tó bá dìde. Ẹ tún un kà dáadáa. Kò sí ilé ìsìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Inú ọjọ́ lásán ni ọmọ ti ń gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bí bàbá ṣe ń ṣiṣẹ́, irú ẹni tó ń bá ṣọ̀rẹ́, ohun tó fi ń najú, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ bóyá Ọlọ́run tí bàbá ké pè láàárọ̀ ló ṣì ń bẹ̀rù lọ́sàn-án.

Ẹ wo Jósẹ́fù, ọkọ Màríà. Nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣe ni wọ́n kọ. Áńgẹ́lì bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá, ó dìde, ó ṣe é. Wọ́n ní kí ó gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sá lọ sí Íjíbítì, òru ló gbéra. Lúùkù sọ fún wa pé ọdọọdún ni òun àti Màríà ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Àjọ Ìrékọjá. Nígbà tí Jésù wá dàgbà, Lúùkù yìí kan náà ló sọ pé ó wọ inú sínágọ́gù ní Násárẹ́tì lọ́jọ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nínú Mátíù, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwọn ará ibẹ̀ pè é. Nínú Máàkù, gbẹ́nàgbẹ́nà gan-an ni wọ́n pè é. Ọmọ náà bá ẹni tó tọ́ ọ dàgbà rin ọ̀nà ilé Ọlọ́run, ó sì bá a di irin iṣẹ́ mú. Ẹ̀yin tí ẹ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, tí ẹ ń rò pé ẹ kò lè fi ọ̀nà Olúwa han ọmọ nítorí pé ẹ kì í ṣe oníwàásù, ẹ lọ jókòó ti ìtàn Jósẹ́fù. Ó ti gbé mi ró lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ti ìgbà tí a bá dìde, Jóòbù ni mo ń wò. Ọmọkùnrin méje àti ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí, àwọn ọkùnrin sì ti dá ilé tiwọn ní. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti se àsè tán, bàbá wọn a dìde ní kùtùkùtù, a rú ẹbọ sísun níye gbogbo wọn, torí ó ní bóyá wọ́n ti ṣẹ̀ nínú ọkàn wọn. Bíbélì ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nígbà gbogbo. Èmi náà kọ́ láti máa dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilé tó jí, pẹ̀lú ohun kan pàtó tó wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìdánwò, ọ̀rẹ́ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù òkùnkùn, agídí. Gbólóhùn kan tó fún ọmọ kan. Èrè tí mo rí níbẹ̀ tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé, nígbà tí ọmọ bá dé nírọ̀lẹ́, mo ti mọ ohun tí màá béèrè. "Ọmọ ìjokòó rẹ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń pè ọ́ lórúkọ yẹn?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí "Ṣé dáadáa ni?" Ọmọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti wà lọ́kàn bàbá òun láti àárọ̀.

Ní ti ìgbà tí a bá ń rìn lọ́nà, n kò ní ohun púpọ̀ sọ. Ẹ máa mú wọn dání. Bí ẹ bá ń lọ ra nǹkan, tí ẹ ń lọ kí aláìsàn, tí ẹ ń lọ san gbèsè, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ dá ṣéńjì tó lé padà ti gbọ́ ìwàásù lórí òtítọ́.

Ìgbà tí a bá jókòó nílé ló le jù, nítorí ibẹ̀ ni ìbáwí wà. Bíbélì fi bàbá méjì hàn wá tó yẹ kí ẹ fojú sí dáadáa. Èkíní ni Élì àlùfáà. Ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó kó tó sọ ọ́, Ọlọ́run sì sọ fún Sámúẹ́lì pé Élì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kò sì dá wọn lẹ́kun. Èkejì ni Dáfídì. Nígbà tí Àdóníjà ń fi ara rẹ̀ jọba, Ìwé Kìíní Àwọn Ọba orí 1 ẹsẹ 6 sọ pé bàbá rẹ̀ kò bí i nínú rí kí ó ní, "Kí ló dé tí o fi ṣe báyìí?" Akínkanjú tó pa Gòláyátì ni o! Kò lè bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ìdílé méjèèjì yìí sì fojú winá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí láàárín ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ní ìtara, ẹ fẹ́ kí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin máa hùwà bí díákónì. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè pé kí bàbá má ṣe máa mú ọmọ bínú, kí wọ́n má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ ò rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ló dárúkọ. Ọmọ tó bá rẹ̀wẹ̀sì kì í pariwo. Á máa ṣe gbogbo ohun tí a ní kó ṣe, á máa kọ orin, á máa ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò tún ní sọ tinú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ́. Ẹ bá ọmọ wí lórí ohun tó ṣe, ní kọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sì bá a wí láìtọ́, ẹ sọ fún un pé kó má bínú, ẹ má fi yípo. Ibo ni yóò ti mọ bí wọ́n ṣe ń ronú pìwà dà bí kò bá rí i kí bàbá rẹ̀ ṣe é?

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn kan nínú yín rò pé ohun ìnajú kò yẹ bàbá tó jẹ́ Kristẹni, pé àkókò àdúrà ni ó ń jẹ. Òfin kẹrin dárúkọ ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́, ẹran ọ̀sìn àti àlejò pé kí gbogbo wọn sinmi. Nínú Máàkù orí 6, nígbà tí èrò ń wọ́ tìrítìrí tí àwọn àpósítélì kò ráyè jẹun, Jésù ló ní kí wọ́n wá sí ibi tó dá, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Iṣẹ́ igi ni èmi fi ń najú. Kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ mi. Àga kékeré, àpótí ìwé, nǹkan báyìí ni mò ń kàn.

Ohun tí iṣẹ́ igi kọ́ mi nípa ọmọ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ rándà, irin iṣẹ́ tí a fi ń fá ojú igi, mọ̀ pé bí a bá fi í lòdì sí ibi tí iṣan igi kọjú sí, ojú igi á ya, á rí jákujàku. A ó kàn yí igi náà padà ni, ká ti ìdí kejì bẹ̀rẹ̀, á sì máa fá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí wàhálà. Mo máa ń jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì kó lè rí ìyàtọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tí a pè jókòó síwájú wa pé "wá, a fẹ́ sọ̀rọ̀" á dijú mọ́rí, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi sáńdípépà ra igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á sọ èyí tí a kò bi í. Ojú rẹ̀ wà lára igi, ojú tiwa náà wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń yẹ ẹnì kan wò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi kejì ṣe ń ra ẹsẹ̀ àga lọ́jọ́ kan tó bi mí bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ bí èèyàn bá gbàdúrà tí kò lanu. A kò dá iṣẹ́ dúró. Mo sọ ìtàn Hánà fún un, bí ètè rẹ̀ nìkan ṣe ń mì tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí Élì fi rò pé ó ti mutí yó, tí Ọlọ́run sì dá a lóhùn. Ó rà á lọ rà á bọ̀ díẹ̀ sí i, ó ní, "Ẹ̀rù ló máa ń bà mí láti gbàdúrà níwájú èèyàn." N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, a kì í ní dandan kí ó gbàdúrà sókè nílé wa; bí ó bá ti ṣe tán láti ṣe é, á sọ. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ohun ìnajú nìyí: ṣé ọmọ lè wọ inú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń lé wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà, ẹ dín in kù.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa mẹ́nu bà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó fọwọ́ pàtàkì mú ìgbàgbọ́ rẹ̀, bàbá ọmọ mẹ́rin. Ohun tó fi ń najú láti ìgbà èwe ni ṣíṣe èdè tuntun fúnra rẹ̀. Láti 1920 títí di 1943, ó máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà Kérésìmesì ní orúkọ Bàbá Kérésì, á ya àwòrán sí i, á sì kọ ọ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ni o, ó sì ráyè ṣe é.

Ọkùnrin yìí náà ló fi yé mi ohun tí ọ̀rẹ́ jẹ́. C. S. Lewis, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti pa ìgbàgbọ́ tì láti ìgbà ọ̀dọ́. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1931, Tolkien àti ọ̀rẹ́ wọn kan, Hugo Dyson, bá a rìn, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ títí òru fi jìn. Kò pẹ́ sí i tí Lewis fi gba Jésù gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ìtàn gígùn tí Tolkien ń kọ, ìyẹn The Lord of the Rings, ń sú u, Lewis ló ń jókòó gbọ́ ọ, tó ń ní kó má fi sílẹ̀. Tolkien fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí kì í bá ṣe ìṣírí Lewis, òun kì bá ti parí rẹ̀.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ìgbà tí ọmọ bá sì dé ni ọ̀rẹ́ ọkùnrin ń tú ká jù. Gbogbo wa á ní ọwọ́ wa dí. Ẹ di méjì tàbí mẹ́ta mú ṣinṣin. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń wá Dáfídì pa, Jónátánì wá a lọ sínú igbó ní aginjù Sífù, ó sì gbà á níyànjú nínú Ọlọ́run. Pọ́ọ̀lù nínú ẹ̀wọ̀n kọ̀wé sí Tímótì pé kó yára wá kí ìgbà òtútù tó dé, kó mú Máàkù dání, kó bá òun mú agbádá tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì àti àwọn ìwé òun. Àpósítélì náà kò tijú láti sọ pé òun nílò èèyàn, òtútù sì ń mú òun. Ẹ̀yin náà ẹ má tijú. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín nígbà tí kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ní ẹnu láti bá yín wí, bí Nátánì ṣe bá Dáfídì wí. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ yóò ní ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ fún bàbá tó bí i, yóò sì wá àgbàlagbà mìíràn tí yóò sọ ọ́ fún.

Ìgbà tó kù ni ìgbà tí a bá dùbúlẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn kí ẹ tó lọ jókòó sẹ́bàá ibùsùn ọmọ. Alẹ́ ni ìbéèrè ńlá máa ń yọjú: ibo ni òkú ń lọ, kí ló dé tí ọmọ ẹni báyìí fi kú nígbà tí gbogbo ìjọ gbàdúrà, ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni pé Ọlọ́run wà? Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ké nínú Máàkù orí 9 pé, "Mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́," bàbá ni, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló sì gbé e wá, Jésù kò lé e. Orí kan náà tí Mósè ti dárúkọ ìgbà mẹ́rin ló ti sọ ohun tí bàbá yóò fi dáhùn nígbà tí ọmọ bá béèrè: ìtàn ni. "Ẹrú Fáráò ni wá ní Íjíbítì, Olúwa sì mú wa jáde." Nítorí náà, ẹ sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ẹ̀yin fúnra yín, pẹ̀lú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ìbéèrè náà bá sì ju ìmọ̀ yín lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ máa lọ wò ó, ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì mú ìdáhùn wá lọ́jọ́ tí ẹ dá.