Àbí Ọlọ́run ò rí ẹlòmíì ni?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí bọ̀ọ̀dá fọkanáísà oríta wa máa darí ẹgbẹ́ àdúrà, a ò tíì jáde tán ni ìyá kan níwájú mi bá yíjú sí ẹnìkejì ẹ̀, ó ní "Àbí Ọlọ́run ò rí ẹlòmíì ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín o, bí màmá yẹn ṣe gbé e kalẹ̀ dùn.

Mo lọ sọ́jà, mo dáná, mo fọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ mi. Ó ṣì ń dún létí mi. Ọlọ́run ò rí ẹlòmíì.

Ìyá yìí kan náà ló máa ń pariwo "Ọlọ́run Ayọ̀ Babalọlá, dá mi lóhùn!" Ṣé ó rò pé tagogo-tagogo ni wọ́n bí Wòlíì Babalọlá ni? Katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún PWD (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì) lójú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní 1928, ẹ̀rọ yẹn kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ló ti gbóhùn Ọlọ́run. Kó tó dé'bẹ̀ rárá, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló ń kọ́. Ó wá fi eérú kun ara wọ Odò-Ọwá, ìlú ẹ̀, wọ́n ní orí ẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó di 1930 táwọn èèyàn ń wọ́ lọ síbi ìsọjí ẹ̀ ní Òkè-Ooyè n'Iléṣà, ta ló tún rántí katakata?

Pọ́ọ̀lù kúkú ti kọ ọ́ sáwọn ará Kọ́ríńtì, pé ohun tí ayé kà sí òmùgọ̀ l'Ọlọ́run yàn. A máa ń ṣe àmín sí i gan-an, àfi tó bá ti kan ẹni tá a mọ ilé bàbá ẹ̀.

Ẹ dúró ná o, kì í ṣe gbogbo ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó gbé agogo l'Ọlọ́run pè. Bóyá irú wọn ti jẹ owó màmá yẹn rí... mi ò mọ̀. Bọ̀ọ̀dá tiwa ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan ṣá, àyàfi owó táyà, ìyẹn náà sì wọ́n!

Ọba Sọ́ọ̀lù ló wá ń dà mí láàmú báyìí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá ẹ̀ tó sọnù ló ń wá kiri, ó ní ẹ̀yà tó kéré jù lòun ti wá, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jọba, àárín ẹrù ló sá sí. Ẹni tó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀ nìyẹn kẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀kọ̀ ló ń jù lu Dáfídì.

Wọ́n sì ní bọ̀ọ̀dá fọkanáísà ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń rán sùtánà.