Ọdún tí aṣọ ń ta mí lára

Oṣù Kejìlá rèé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń ṣírò ohun tí ọdún yìí fojú mi rí. Kì í ṣe owó ni mo ń kà, apá òsì mi ni.

Nínú oṣù Kejì, mo jí, ọrùn mi le. Mo ní ìrọ̀rí ló fà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìrora náà fi gba èjìká sọ̀ kalẹ̀ dé ìka àárín, bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn. Èyí tó le jù ni pé aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Léèsì tí mo fọwọ́ ara mi rán, bí apá rẹ̀ bá ti kan awọ mi, àfi bí ẹni fi ata rodo ra ibẹ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, sáré wá dì mọ́ mi, mo figbe ta. Ó fà sẹ́yìn, ó ń wò mí.

Kò wú, kò légbò, ni àwọn kan bá ní ogun ayé ni. Àfi tí mo bá gbọ́wọ́ lórí ni ara ń tù mí díẹ̀. Màámi rí mi bẹ́ẹ̀, wọ́n pariwo: "Sọ ọwọ́ kalẹ̀! Ta ló kú tí o káwọ́ lérí?" Dókítà ló wá ṣàlàyé pé ọwọ́ tó ròkè yẹn ló ń dẹ iṣan ìmọ̀lára tó há.

MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fi í hàn. Eegun 7 ló wà lọ́rùn, dísìkì sì dà bíi tìmùtìmù láàárín wọn. Èyí tó wà láàárín ìkẹfà àti ìkeje ti bẹ́, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ yọ síta, ó tẹ iṣan tó lọ sí ìka àárín. Iṣan tí wọ́n bá tẹ̀ báyẹn máa ń ṣi iṣẹ́ jẹ́: èèyàn fọwọ́ kàn ọ́ jẹ́jẹ́, iṣan náà á ní wọ́n ń gún ọ.

Ẹnì kan fẹ́ bá mi ká ọrùn kó lè dún. Mo kọ̀, inú mi sì dùn pé mo kọ̀. Pregabalin, oògùn ìrora iṣan, ni mo lò, pẹ̀lú eré ìdárayá tí àwọn físíò kọ́ mi, mo sì gbé tábìlì ẹ̀rọ mi sókè kí n má baà máa tẹríba. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ló ń san láìṣe iṣẹ́ abẹ; ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń rọ tàbí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́, kí n sáré wá.

Ańkárá ò ta mí mọ́. Léèsì ṣì ń ta mí díẹ̀. Ọmọ mi ṣì ń gba apá ọ̀tún wá bá mi.