Àyẹ̀wò ọdún: àwọn tó wà lẹ́yìn Mozart

Ẹ kú ìparí ọdún o. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ nínú àlàáfíà. Lásìkò yìí, oníkálukú ń ka owó tó wọlé àti èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi náà fẹ́ ka tèmi, àmọ́ orin ni mo fẹ́ kà. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká fi ewé bò ó.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti pinnu pé n ò ní gbọ́ Mozart, n ò ní gbọ́ Haydn, n ò sì ní gbọ́ Beethoven, àwọn ọ̀gá olórin Yúróòpù ayé àtijọ́ wọ̀nyẹn, títí oṣù Kejìlá á fi wọlé. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí mo bá ti gbọ́ orin ẹlòmíì tó gbé ayé lásìkò wọn, kíá ni mo máa ń fi tiwọn wọ̀n ọ́n: eléyìí fẹ́ jọ Haydn, tọ̀hún ò tó Mozart. Ìgbọ́ran wo ló kù níbẹ̀? Mo wá ní kí n gbé òṣùwọ̀n yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí n gbọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá, tí wọ́n jọ ń kọ sínfónì (orin gígùn tí gbogbo ọ̀kẹ́sítírà jọ ń ta) àti kọnṣẹ́tò (èyí tí ohun èlò kan ti ń ṣáájú ọ̀kẹ́sítírà) fún ọjà kan náà, tí ọjà sì gbàgbé wọn nígbà tí wọ́n kú tán.

Mo fi òfin kejì sí i: ọ̀kẹ́sítírà kékeré nìkan. Nígbà tí Haydn gba iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìdílé ọlọ́lá Esterházy ní 1761, àwọn olórin tó wà níbẹ̀ ò ju bíi 15 lọ. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí. Bí ẹ bá wá kó 80 èèyàn jọ láti ta á, fayolíìnì á gbé fèrè óbò àti fèrè họ́ọ̀nù mì, orin tó yẹ kó já fáfá á wá di ọ̀rá. Gìtá béèsì ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni etí mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Nínú ọ̀kẹ́sítírà ńlá, ìsàlẹ̀ yẹn máa ń kùn bíi trélà tó ń kọjá níwájú ilé. Nínú ti kékeré, mo ń gbọ́ ìgbà tí irun ẹṣin ara ọ̀pá fayolíìnì bá kan okùn àti ìgbà tó bá fi í sílẹ̀.

Ẹni tó gba ọdún yìí lọ́wọ́ mi pátápátá ni Joseph Martin Kraus. Ọdún tí wọ́n bí Mozart, 1756, ni wọ́n bí òun náà, ní ìlú Miltenberg ní Jámánì. Ó wáṣẹ́ lọ sí Stockholm ní Sweden, ojú rẹ̀ sì rí màbo níbẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta kí Gustav Kẹta, ọba ibẹ̀, tó gbà á síṣẹ́. Ọba yẹn fẹ́ràn tíátà àti orin. Òun ló rán Kraus rìn káàkiri Yúróòpù láti 1782 títí di 1787, kó lè lọ fojú ara rẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì. Ìrìn àjò yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Haydn ní 1783. (Ẹ má mú mi o, dídárúkọ kọ́ ni gbígbọ́.)

Sínfónì rẹ̀ tó wà ní C minor, ẹ wá a. Apá mẹ́ta péré ni, kò sí orin ijó minuet tí wọ́n máa ń fi sáàárín láti fi tu àwọn ìjòyè lára. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ohùn kan ń fara ro èkejì, wọ́n ń dunni bí wọ́n ṣe ń kọjá lára ara wọn, kó tó di pé eré ńlá dé. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ orin ayé ìgbà yẹn ló ń bẹ èèyàn pé kó jọ̀ọ́ kó gbádùn òun. Eléyìí ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni sínfónì ìsìnkú. Ní òru ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1792, wọ́n yìnbọn lu Ọba Gustav níbi ijó kan tí gbogbo èèyàn ti fi nǹkan bojú, nínú ilé opera tí ọba fúnra rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù náà ló wàjà. Kraus ni wọ́n ní kó kọ orin tí wọ́n máa fi ṣe ètò òkú. Ó kọ Symphonie funèbre, apá mẹ́rin, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń sáré. Tìmpánì nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n bo ojú ìlù náà kí ohùn rẹ̀ má bàa dán. Ìlù sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́, àwọn olókùn wá dáhùn. Àwa tí ìlù ń bá sọ̀rọ̀ láti kékeré, a ti mọ̀ pé ó yẹ kí ìlù máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e níbí yìí ló mú mi. Orin ìsìnkú àwọn ará Sweden, irú èyí tí ìjọ ń kọ lẹ́bàá sàréè, ló wà ní apá kẹta. Kraus alára ò rí Kérésìmesì ọdún yẹn. Ikọ́ ife ló pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá.

Swedish Chamber Orchestra ti ìlú Örebro ló ta á lábẹ́ Petter Sundkvist, àwo mẹ́rin ni wọ́n fi kó àwọn sínfónì Kraus jọ fún ilé iṣẹ́ àwo Naxos. Ìmọ̀ràn kan ṣá: kì í ṣe orin tí èèyàn ń gbọ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké. Mo dán an wò, ẹ́ńjìnnì àti tìmpánì dàpọ̀ mọ́ra, n ò mọ èyí tí ọba fi kú mọ́.

Ọ̀kẹ́sítírà Örebro yìí kan náà ló tún fún mi ní àwo tí mo gbọ́ jù lọ́dún yìí, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi dúró: Chi-chi Nwanoku. Ọmọ Ìgbò ni bàbá rẹ̀, ará Ireland ni ìyá rẹ̀, London ni wọ́n ti bí i. Dọ́bù béèsì, bàbá fayolíìnì tó ń ta ohùn ìsàlẹ̀, ló ń ta, ó wà lára àwọn tó dá Orchestra of the Age of Enlightenment sílẹ̀, òun náà ló sì dá Chineke! sílẹ̀ ní 2015 fún àwọn olórin adúláwọ̀ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọn kì í sábà rí wọn nínú ọ̀kẹ́sítírà ní Yúróòpù. Ó ti tó ọdún 15 ṣáájú ìyẹn tó ta kọnṣẹ́tò Dittersdorf àti ti Vanhal, olórin méjì ayé Mozart, fún ilé iṣẹ́ àwo Hyperion, Paul Goodwin ló darí.

Kọnṣẹ́tò fún dọ́bù béèsì! Ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn ni wọ́n ní kó bọ́ síwájú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣeé ṣe, torí ọ̀rọ̀ tèmi nìyí. Okùn mẹ́rin gìtá béèsì mi ni E, A, D, G, bẹ́ẹ̀ náà ni dọ́bù béèsì òde òní. Ti Vienna láyé ìgbà yẹn ní okùn márùn-ún, bí wọ́n sì ṣe ń yí i nìyí láti ìsàlẹ̀: F, A, D, F♯, A. Ẹ fi ọwọ́ kan okùn mẹ́ta tó wà lókè láìtẹ ìkankan: D, F♯, A. Kọ́ọ̀dù D major ti dúró pé, ìka ò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn kọnṣẹ́tò wọ̀nyí fi ń sáré sókè sódò bíi pé ohun èlò náà fúyẹ́, ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé ìdílé D major ni wọ́n ń gbé jù. Nígbà tí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí okùn bẹ́ẹ̀ kú tán, ohun tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn di òkè ìṣòro fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, orin náà sì dúró sínú àpótí. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú pé ó dáa tàbí kò dáa.

Vanhal fúnra rẹ̀ yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń sọ ìtàn rẹ̀ fọ́mọ. Bohemia ni wọ́n ti bí i ní 1739, sábẹ́ olúwa ilẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní òmìnira láti lọ síbi tó bá wù ú. Owó tó rí nídìí orin ló fi ra ara rẹ̀ padà. Ó kọ sínfónì tó lé ní 70, ní 1784 sì rèé, òun ló ń ta ṣẹ́lò níbi àríyá kan ní Vienna tí Haydn àti Dittersdorf ti ń ta fayolíìnì, tí Mozart sì mú fíólà. Mẹ́rin jókòó. Méjì là ń rántí.

Ó kan Saint-Georges. Ọjọ́ Kérésìmesì 1745 ni wọ́n bí Joseph Bologne, Chevalier de Saint-Georges, ní erékùṣù Guadeloupe. Nanon ni ìyá rẹ̀, obìnrin adúláwọ̀ tó wà lóko ẹrú. Olóko òyìnbó ni bàbá rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Faransé, idà jíjà ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀, kó tó di pé ó gba ìdarí ọ̀kẹ́sítírà Concert des Amateurs ní Paris ní 1773. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí ilé opera Paris ní 1776, àwọn akọrinbìnrin àti oníjó kan kọ̀wé sí ayaba pé àwọn ò ní gbàṣẹ lẹ́nu ọmọ adúláwọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà pin sí.

Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "Mozart dúdú" ni wọ́n á so mọ́ ọn. Ó ń bí mi nínú. Ọdún 10 ni ọkùnrin yìí fi ju Mozart lọ. Ta ló ń fi orúkọ àbúrò pe ẹ̀gbọ́n? Ẹgbẹ́ tó tún darí lẹ́yìn ìyẹn, Concert de la Loge Olympique, ni Haydn kọ sínfónì mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní ti Paris fún. Ẹni tí wọ́n ń kọ orin fún ni, kì í ṣe òjìji ẹnikẹ́ni.

Orin rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ kọnṣẹ́tò fayolíìnì rẹ̀ tí Takako Nishizaki ta pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà kékeré ti Köln lábẹ́ Helmut Müller-Brühl, mo sì gbọ́ ti Rachel Barton Pine, àwo 1997 tó fi kó kọnṣẹ́tò àwọn adúláwọ̀ jọ pẹ̀lú Encore Chamber Orchestra. Apá kejì, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, ni agbára rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni fayolíìnì ti ń gùn lọ sókè débi tí okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìmí èémí. Apá ìkẹyìn kọnṣẹ́tò rẹ̀, kí n sọ òótọ́, mo máa ń fò ó. Ó ti mọ̀wàhù jù. Àwọn sínfónì méjèèjì tó wà ní Op. 11 (nọ́ńbà tí wọ́n fi tẹ iṣẹ́ náà jáde) dùn, wọ́n kúrú, wọ́n sì tán.

William Herschel náà kọ sínfónì, 24 ni, kó tó di ẹni tó rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus láti ọgbà ilé rẹ̀ ní Bath ní 1781. London Mozart Players àti Matthias Bamert fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àwo fún Chandos, wọ́n sì ta á tọkàntọkàn. Ó dáa tó lọ ń dán dígí awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀.

Bí mo ṣe ń gbọ́ àwọn wọ̀nyí ni mo ń rí i pé bébà ló fa púpọ̀ nínú ìgbàgbé yìí. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í sábà tẹ ìwé tí ohùn gbogbo èèyàn wà nínú rẹ̀. Ìwé óbò wà lọ́tọ̀, ti họ́ọ̀nù wà lọ́tọ̀, àwọn adàwékọ ló ń dà á kọ, wọ́n sì ń ṣì í kọ. Púpọ̀ rẹ̀ wà ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Austria àti Bohemia. Ewé kan á sọnù. Èyí tó tún burú ni pé orúkọ Haydn ń tà, torí náà àwọn òǹtẹ̀wé á fi orúkọ rẹ̀ sórí orin ẹlòmíì, wọ́n á sì kówó. Kí ọ̀kẹ́sítírà tó lè jókòó ta á, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó àwọn ewé náà jọ, kó tò wọ́n, kó tún àṣìṣe adàwékọ ṣe. Irú iṣẹ́ yẹn ni Allan Badley ará New Zealand àti Klaus Heymann tó ni Naxos dá Artaria Editions sílẹ̀ fún ní 1995. Lójú tèmi, ọ̀gbẹ́ni tó jókòó ti àwọn ewé yẹn ṣe ju ọ̀pọ̀ adarí tó ń ju ọ̀pá lókè lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí fọ́tò rẹ̀ lára àwo.

Ohun tí n ò rí àyè fún lọ́dún yìí: Paul Wranitzky. Ọ̀kẹ́sítírà kékeré ti Pardubice ní Czech, lábẹ́ Marek Štilec, ti ń kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wù mí kí n tẹ̀ lé e láti orí àwo kìíní. Ó kọ sínfónì kan ní 1797 láti fi yọ̀ fún àlàáfíà tí wọ́n bá Faransé ṣe, ìjọba Vienna sì fòfin de é pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta á. Orin tí ìjọba bẹ̀rù, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan àwọn obìnrin: sínfónì Marianna Martines, ọmọ Vienna, ti 1770, àti kọnṣẹ́tò fayolíìnì Maddalena Lombardini Sirmen, ọmọ Venice tí Tartini, ọ̀gá nínú fayolíìnì, kọ́. Ẹni tó bá mọ àwo Sirmen tí béèsì rẹ̀ ń dún ketekete, kó sọ fún mi.

Haydn ti padà sórí fóònù mi láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, mi ò lè parọ́. Àmọ́ Vanhal ló ṣì wà lọ́wọ́ mi. Okùn márùn-ún ò sí lórí gìtá tèmi, ṣùgbọ́n bí mo bá rẹ okùn G sílẹ̀ díẹ̀ kó di F♯, A, D, F♯ ti wà lórí ìlà, apá kìíní kọnṣẹ́tò náà sì ti ń wọ̀ mí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá akọrin wa ti kìlọ̀ pé ohun tó bá wù mí ni kí n fi okùn ṣe láti Monday, kí n ṣáà ti dá a padà kí àdúrà ìwọlé Sunday tó bẹ̀rẹ̀.